Ṣé onígbàgbọ́ lè sọ ìgbàlà rẹ̀ nù? Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ àbúrò mi yìí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nílé wa láti ìgbà Kérésì. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ́lẹ̀, ààwẹ̀ kì í yẹ̀ ẹ́, ìṣọ́ òru kì í yẹ̀ ẹ́, òun gan-an ló jẹ́ kí èmi di àtúnbí. Ó ti wà ní Manchester báyìí, kò dé ṣọ́ọ̀ṣì kankan mọ́, nígbà tí màmá wa sì bi í lórí fóònù ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun ṣì gba gbogbo ẹ̀ gbọ́. Ọkọ mi, ọmọ Baptist ni, ó ní ká fọkàn balẹ̀, ẹni tí Ọlọ́run bá ti gbà là ó ti gbà á là nìyẹn. Pásítọ̀ màmá ní tó bá kú lónìí, ọ̀run àpáàdì ló ń lọ tààrà. Màmá ò sùn mọ́. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? Ṣé ó ti sọ ọ́ nù ni, àbí kò tiẹ̀ ní in rí?

* * *

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mò ń yí ọ̀rọ̀ po. Mo gbà pé onígbàgbọ́ tòótọ́ lè kẹ̀yìn sí Kristi títí tó fi máa ṣègbé. Bíbélì kìlọ̀ ẹ̀ léraléra, tí ohun náà ò bá sì lè ṣẹlẹ̀ láéláé mi ò mọ ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ fún wa sí. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé bí àwọn pásítọ̀ wa kan ṣe ń wí i ló ṣe máa ń ṣẹlẹ̀, mi ò sì gbà pé ẹnikẹ́ni wà láyé yìí tó lè bá màmá yín tọ́ka sí ọjọ́ tí ọmọ wọn ṣègbé. Ẹni tó wí bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó ń sunkún, iṣẹ́ tí wọn ò rán an ló ń jẹ́.

Ìgbàlà kì í ṣe ẹgbẹ̀rún náírà tí èèyàn kì bọ àpò ẹ̀yìn kó tó gun ọ̀kadà, tó máa fi sọ̀ kalẹ̀ tó ti fò lọ. Èèyàn kì í ṣèèṣì sọ ọ́ nù. Àwọn tí ìwé Hébérù ń bá wí, wọn ò ṣèèṣì, wọ́n jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n sì ń múra àtisọ pé àwọn ò ṣe mọ́.

Ọkọ yín náà ò sọ ìsọkúsọ o. Ohun tí Baptist gbà nìyẹn láti ìgbà tí míṣọ́nárì Bowen ti gbé e dé ilẹ̀ wa láti Amẹ́ríkà ní 1850: ẹni tó bá gbàgbọ́ ní tòótọ́ á forí tì í dé òpin, ó lè ṣubú sínú ẹ̀ṣẹ̀, ó lè kó ẹ̀gàn bá orúkọ Jésù, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà sì lè jẹ ẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó bọ́ pátápátá. Jòhánù 10:28 ni wọ́n dì mú, "nwọn kì o si ṣegbé lailai, kò si si ẹniti o le já wọn kuro li ọwọ́ mi." Ẹ tún un kà, ọ̀rọ̀ ńlá ni, ẹni tó bá fẹ́ bá Baptist jiyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹsẹ yẹn wọ òun lára. Èmi náà gbà á, kò sẹ́ni tó lè já wa gbà. Ohun tí mi ò rí níbẹ̀ ni pé Olúwa máa fi tipátipá dá ẹni tó fẹ́ bá ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn jáde dúró.

Àwọn Methodist, Apostolic Faith, Deeper Life, wọ́n ní èèyàn lè pẹ̀yìndà, Mátíù 24:13 àti Hébérù 10 ni wọ́n máa ń kà. Èmi ọmọ Anglican ni, àwa náà ní ìwé kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò ṣí rí àfi ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnìkan joyè àlùfáà, àwọn Ẹ̀kọ́ Mọ́kàndínlógójì. Ìkẹrìndínlógún nínú wọn sọ pé lẹ́yìn tí a ti gba Ẹ̀mí Mímọ́, a lè kúrò nínú oore-ọ̀fẹ́ ká sì ṣubú sínú ẹ̀ṣẹ̀, a sì tún lè dìde nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Ó wá dá ẹni méjì lẹ́bi, ẹni tó ní òun ò lè ṣẹ̀ mọ́ láyé, àti ẹni tó ti ilẹ̀kùn ìdáríjì mọ́ ẹni tó ronú pìwà dà. Ibẹ̀ lèmi wà.

* * *

Ẹnìkan fèsì pé kí là ń pariwo lé lórí, 1 Jòhánù 2:19 ti parí ẹ̀, wọ́n ti ọ̀dọ̀ wa jáde ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ara wa, ọmọ yìí ò di àtúnbí rí, orin ló mọ̀ ọ́n kọ.

Irú wọn wà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí yẹn síwájú dé ẹsẹ 22, àwọn kan pàtó ni Jòhánù ń sọ, àwọn tó jáde lọ máa kọ́ àwọn èèyàn pé Jésù kì í ṣe Kristi. Kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá fi ìjọ sílẹ̀ kò wà níbẹ̀ rí.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kò ní in rí, kí lẹ ní lónìí tí òun ò ní nígbà yẹn? Ó jẹ́wọ́ Jésù, ó ṣèrìbọmi, ó ń gbàdúrà, ó jèrè ọkàn, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó jèrè ló ń kọ̀wé sí wa yìí. Tí gbogbo ìyẹn bá lè jẹ́ òfìfo, á jẹ́ pé tiyín náà lè jẹ́ òfìfo, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi kú. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní ó ń fọkàn èèyàn balẹ̀ ló tún wá ń já gbogbo wa láyà yẹn.

Ẹ wo Démà. Nínú Kólósè 4 àti Fílémónì, Pọ́ọ̀lù ka orúkọ ẹ̀ mọ́ ti Lúùkù, ó pè é ní alábàáṣiṣẹ́ òun. Ìgbà tó di 2 Tímótì 4:10, Démà ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ràn ayé yìí, ó ti gba Tẹsalóníkà lọ. Pọ́ọ̀lù ò torí ẹ̀ sọ pé kò bá àwọn ṣiṣẹ́ rí. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dákẹ́, kò bá wa sọ ibi tí Démà parí ayé ẹ̀ sí. Híméníù àti Alẹkisáńdà náà, 1 Tímótì 1, ó ní ọkọ̀ ìgbàgbọ́ wọn rì, ọkọ̀ tó rì sì ti wà lójú omi tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àní àwọn yẹn, ó ní òun fi wọ́n lé Sátánì lọ́wọ́ kí wọ́n lè kọ́ bí wọn ò ṣe ní sọ̀rọ̀ òdì mọ́. Wọ́n ṣì lè kọ́gbọ́n lójú tiẹ̀.

* * *

Júdásì ńkọ́? Ẹni tó béèrè yìí, mi ò ní lo Júdásì fún ìhà kankan. Jòhánù 6 ní Jésù ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹni tí kò gbàgbọ́ àti ẹni tó máa fi òun hàn. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

* * *

Alàgbà kan ti bínú sí mi. Wọ́n ní èmi ni mò ń rọ ọ̀rọ̀ lẹ́rọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí èèyàn ò tíì jẹ́wọ́, tí fèrè bá dún, ó ti bọ́.

Bàbá, ẹ má bínú, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí ìwàásù yẹn ń ṣe fún èèyàn. Nígbà tí mo wà ní fásitì, arábìnrin kan wà ní fẹ́lóṣíìpù wa, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ní kí ẹni tó fẹ́ gba Jésù jáde síwájú, òun ló ń kọ́kọ́ dìde. Á bọ́ bàtà ẹ̀ sábẹ́ àga, á di bíbélì mọ́ àyà, á kúnlẹ̀, omijé á ti gba ojú ẹ̀. Àwa tá à ń ṣe fọ́lóò-ọ́ọ̀pù ní nóòtù gígùn kan tá à ń kọ orúkọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ sí, mo ṣí i lọ́jọ́ kan láti wá nọ́ńbà ẹnìkan, orúkọ arábìnrin yìí ni mò ń rí lójú ewé lẹ́yìn ojú ewé, họ́sítẹ́ẹ̀lì kan náà, nọ́ńbà yàrá kan náà, àfi bíró ló ń yí padà, búlúù, dúdú, pupa. Mo bi í. Ó ní òun kanra mọ́ ẹni tí àwọn jọ ń gbé yàrá láàárọ̀, òun ò wá mọ̀ bóyá òun ṣì wà nínú. Ọmọ tí kì í parọ́, tí kì í jalè, ìbẹ̀rù nìkan ló ń bá fínra. Kò ráyè dàgbà nínú Olúwa torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tún un bí.

Pétérù sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún fi ìbúra kún un, kì í ṣe pé ó kanra mọ́ èèyàn. Kó tó ṣe é ni Jésù ti sọ fún un pé òun ti gbàdúrà fún un kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má yẹ̀, Lúùkù 22:32. Ó ṣubú, ìgbàgbọ́ ẹ̀ ò kú. Àwọn ará Kọ́ríńtì ń pe ara wọn lẹ́jọ́, wọ́n ń mutí yó nídìí oúnjẹ Olúwa, ẹnìkan nínú wọn gba ìyàwó bàbá ẹ̀, síbẹ̀ ará ni Pọ́ọ̀lù ń pè wọ́n. Èyí tó ṣe ohun tó burú jù yẹn, ó ní kí wọ́n yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀mí ẹ̀ lè rí ìgbàlà lọ́jọ́ Olúwa. Wọ́n bá a wí torí kó lè padà ni.

Mi ò bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀kọ́ ìwà mímọ́ o, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní 1930, lábẹ́ Bàbá Babalọlá, oògùn àti òrìṣà ni àwọn èèyàn ń kó jáde tí wọ́n ń dáná sun. Ẹni tó jí ẹrù dá a padà, ẹni tó ń jà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, ohun rere ni. Àmọ́ kéèyàn máa kórìíra ẹ̀ṣẹ̀ yàtọ̀ sí kó máa ka ara ẹ̀ sí ẹni ègbé lójoojúmọ́. 1 Jòhánù 2:1 sọ méjèèjì sí ẹsẹ kan ṣoṣo, kí ẹ má baà ṣẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣẹ̀, a ní alágbàwí.

* * *

Ọ̀dọ́ kan wá wọlé, ó ní òun ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣe Yahoo, ìdámẹ́wàá ẹ̀ kì í yẹ̀, ó ní oore-ọ̀fẹ́ ti bo òun, ìgbàlà ò ṣeé sọ nù. Ṣé kò sí ohun tó burú?

Ó burú gan-an. Baptist tó mọ ohun tó ń sọ ò ní gbà fún ọ̀rẹ́ yín náà, torí ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni pé ẹni tó jẹ́ ti Ọlọ́run á forí tì í nínú ìwà mímọ́, wọn ò sọ pé kó máa lu àwọn opó òyìnbó ní jìbìtì kó sì máa kọ háléluyà. Ẹni tó jókòó sínú ẹ̀ṣẹ̀ tó fi ṣe iṣẹ́ ṣe, ìhà méjèèjì ló máa sọ fún un pé kó dìde kíákíá. Àwọn kan á sọ fún un pé ó ń lọ, àwọn kan á sọ fún un pé kò tíì dé ibẹ̀ rí. Tó bá jẹ́ èmi ni mi ò ní bá a jiyàn ẹ̀kọ́ rárá, máa ní kó dá owó olówó padà.

* * *

Ẹni tó ni ìbéèrè padà wá, ó ní Hébérù 6:4-6 ló ń ba òun lẹ́rù jù, níbi tó ti ní kò ṣe é ṣe láti tún sọ wọ́n di ọ̀tun sí ìrònúpìwàdà. Tí àbúrò òun bá wá fẹ́ padà ńkọ́?

Àwọn tí wọ́n kọ ìwé yẹn sí, ẹ wò wọ́n ní orí 10, wọ́n ti fi wọ́n ṣẹ̀sín ní gbangba, wọ́n ti kó wọn lẹ́rù lọ torí Jésù, ó ti sú wọn, wọ́n ń rò ó pé káwọn padà sí ètò ẹbọ àtijọ́ káwọn sinmi. Òǹkọ̀wé wá sọ fún wọn pé tí ẹ bá ti ju ẹbọ Kristi nù, kò sí ẹbọ míràn níbi tí ẹ ń lọ. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń kan Ọmọ Ọlọ́run mọ́ àgbélébùú lẹ́ẹ̀kejì tó sì ń fi í ṣẹ̀sín, kí lẹ fẹ́ fi sọ ọ́ di ọ̀tun, ohun tó lè wò ó sàn gan-an ló ń tutọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sunkún pé òun fẹ́ padà kì í ṣe ẹni yẹn, ìrònúpìwàdà ló ń ṣe lọ́wọ́ tí ẹ ń sọ pé kò ṣe é ṣe fún un. Ẹ sì má fo ẹsẹ 9, ó ní bí a tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ báyìí, ohun tó dára ju èyí lọ ló dá wa lójú nípa yín. Àwọn tó ń fi Hébérù 6 dẹ́rù ba èèyàn kì í kà débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹjọ́ rí, ẹjọ́ gidi. Ní 250, Késárì Décius pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú rúbọ sí àwọn òrìṣà Róòmù, ẹni tó bá rú u á gba ìwé ẹ̀rí. Díẹ̀ nínú àwọn ìwé ẹ̀rí yẹn ṣì wà, wọ́n hú wọn jáde nílẹ̀ Íjíbítì. Àwọn onígbàgbọ́ kan kọ̀, wọ́n kú tàbí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn kan rúbọ. Àwọn kan ò rúbọ o, wọ́n fún òṣìṣẹ́ ìjọba lówó ó bá wọn kọ ìwé. Nígbà tí wàhálà rọlẹ̀, àwọn tó sẹ́ Jésù yìí tún ń kan ilẹ̀kùn ìjọ. Ní Róòmù, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Novatian ní rárá, ìjọ ò lè gbà wọ́n padà. Ní Kátéèjì, ìlú kan ní àríwá Áfíríkà, bíṣọ́ọ̀bù Cyprian àtàwọn bíṣọ́ọ̀bù tó kù jókòó ní 251, wọ́n ní kí wọ́n ronú pìwà dà kí wọ́n sì padà, ẹni tó kàn ra ìwé, tiẹ̀ á yá ju ti ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ rúbọ lọ. Wọn ò tún ìrìbọmi ṣe fún wọn, wọ́n gbọ́wọ́ lé wọn lórí ni. Cyprian yìí kì í ṣe aláàbọ̀ onígbàgbọ́ o, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 258 torí Jésù kan náà. Àwọn tó fi orúkọ ara wọn sí ìwé pé àwọn ti bọ òrìṣà, ìjọ ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ẹ wá ń sọ fún màmá kan pé ti ọmọ ẹ̀ ti parí torí ó sọ lórí fóònù pé òun ò mọ̀ bóyá òun ṣì gbà á gbọ́.

Ibẹ̀ náà ni ìdáhùn fún ẹni tó béèrè bóyá wọ́n á tún ìrìbọmi ṣe tó bá padà. Rárá, kò nílò ẹ̀.

* * *

Arábìnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ Baptist, pásítọ̀ òun sì ní àwọn tó ń kọ́ni pé ìgbàlà ò ṣeé sọ nù kì í ṣe onígbàgbọ́, kí òun jáwọ́.

Arábìnrin, ẹ fẹ́ ọkọ yín jàre, tí ìwà ẹ̀ bá dáa. Àwọn tó ṣe é jù yín lọ ti bára wọn gbé e. Wesley àti Whitefield, àwọn oníwàásù ńlá méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Oxford ni wọ́n ti jọ ń bọ̀, Whitefield gbà pé Ọlọ́run á pa àyànfẹ́ rẹ̀ mọ́ títí dé òpin, Wesley ní èèyàn lè bọ́, wọ́n fi ìwé sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn, ìyẹn sì dùn wọ́n. Nígbà tí Whitefield kú ní Amẹ́ríkà ní 1770, Wesley ló ṣe ìwàásù ìrántí ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Whitefield fúnra ẹ̀ ló sì ti ní òun fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Họ́láńdì ṣáájú ìgbà yẹn ni wọn ò ti lè fara da ara wọn. Àwọn ọmọlẹ́yìn Arminius, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn kan níbẹ̀, kọ ìgbàgbọ́ wọn sí kókó márùn-ún ní 1610, lórí kókó karùn-ún tó jẹ́ ọ̀rọ̀ wa yìí gan-an wọ́n ní àwọn ṣì fẹ́ yẹ Ìwé Mímọ́ wò sí i kí àwọn tó fi ìdánilójú kọ́ni. Ìpàdé ìjọ ilẹ̀ náà tí wọ́n ṣe ní ìlú Dort ní 1618 sí 1619 ò fún wọn láyè, wọ́n yọ àwọn pásítọ̀ wọn nípò. Ohun tí àwọn tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gan-an ní àwọn ṣì ń wò, òun ni pásítọ̀ yín fẹ́ fi tú àdéhùn ìgbéyàwó ká.

* * *

Ẹni tó ni ìbéèrè ti bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ti kọ ọ́ síbí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe, ṣífítì òru, Sọ́ńdè gan-an ni wọ́n máa ń gbé fún un. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀. Nígbà tí bàbá wọn kú, ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ yìí ń darí orin ní àwọn ò ní sin bàbá àfi tí wọ́n bá san gbogbo owó ẹgbẹ́ tí bàbá jẹ nígbà àìsàn. Òun ló yáwó san án. Ó ní òun ò bá Jésù jà, orin ni òun ò lè kọ mọ́, tí òun bá la ẹnu ẹ̀, ìwé ìṣirò owó yẹn lòun ń rí. Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo kà á. Ẹ jọ̀ọ́, èyí kì í ṣe ẹni tó ń fi Ọmọ Ọlọ́run ṣẹ̀sín. Àwọn Sáàmù kún fún irú ọ̀rọ̀ tó ń sọ yìí. Mi ò ní tan yín o, mo ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, ọgbẹ́ tí wọn ò tọ́jú lè di ọkàn líle, díẹ̀díẹ̀ ni èèyàn sì ń rìn jìnnà kó tó wá sọ pé òun ò ṣe mọ́. Hébérù 3:13 ní ká máa gba ara wa níyànjú lójoojúmọ́ kí ó má baà dé ibẹ̀, ìjọ ló sì sọ ọ́ fún, gbogbo wa, kì í ṣe òun nìkan tó wà ní Manchester.

Torí náà, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ pásítọ̀ yẹn. Kó má tún fi fọ́ìsì nóòtù ọ̀run àpáàdì kankan ránṣẹ́ sí i. Kí màmá máa pè é, kí wọ́n bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá òtútù ò pọ̀ jù, kí wọ́n gbàdúrà fún un lórí fóònù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, kúkúrú, kí wọ́n má wàásù. Ọ̀rọ̀ owó yẹn, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé mú un lọ bá àwọn àgbà ìjọ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ̀wé bẹ̀ ẹ́, torí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ẹnìkan ò sì tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un láti ọjọ́ yẹn wá. Tí wọ́n bá kọ̀, kí ẹ̀yin bẹ̀ ẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe ìsìn lálẹ́ Wẹ́sìdeè wà níbẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ bá a wá a, ẹ fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì, kí ẹ má sì béèrè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bóyá ó lọ.